Àwùjẹ̀, Àwòrán àti Káàdì: Ìtàn Bí A Ṣe Mọ Ohun Tí Ń Ṣe Ọpọlọ Ọmọ Tí Oṣù Rẹ̀ Kò Pé, Láti Iléṣà dé Àbújá

Ìfáàrà

Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí ó pẹ́ nínú ìyá rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ ní orúkọ tirẹ̀. Ọmọ́pẹ́ ni à ń pè é. Ọmọ tí ó tètè dé, oṣù rẹ̀ ni a máa ń kà: ọmọ olóṣù méje, ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé. Lóde òní, ọmọ tí a bí kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 37 ni àwọn oníṣègùn ń kà sí ọmọ àìpéṣù. Ìròyìn àgbáyé kan tí ó jáde ní 2012, Born Too Soon, fojú bù ú pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tí à ń bí ní Nàìjíríà lọ́dún kan tó 773,600. Íńdíà àti Ṣáínà nìkan ni iye tiwọn ju tiwa lọ.

Olùkọ́ àwọn olùkọ́ ni wá, a kì í ṣe oníṣègùn. Kíláàsì ni ọ̀rọ̀ yìí ti bá wa. Nígbà tí a ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n wà lẹ́nu ìfidánrawò iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Àbújá, a bá ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́jọ kan ní kíláàsì kejì. Gbogbo ìka ni ó fi ń di pẹ́ńsù mú, bí ẹni di ọmọ odó mú. Gìgísẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kì í kanlẹ̀ dáadáa tí ó bá ń rìn. Bí a bá ka nǹkan sí i létí, ó yé e. Bí a bá ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, wàhálà dé. Olùkọ́ rẹ̀ ti gbà pé ọ̀lẹ ni. A ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀, ó sì mú àpò ọ̀rá kan dání. Inú rẹ̀ ni káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára wà, pẹ̀lú ìwé tí ilé-ìwòsàn fi dá wọn sílẹ̀, àti ìwé pélébé kan tí wọ́n ya inú orí ọmọ náà sí nígbà tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan láyé. Ọ̀sẹ̀ 30 ni oyún rẹ̀ wà nígbà tí wọ́n bí i. "Ẹ̀yin tíṣà," ni ó wí, "kò sẹ́ni tó bi mí rí."

Nínú iṣẹ́ yìí, a fẹ́ tọ ipasẹ̀ ọ̀nà méjì tí ènìyàn fi ń mọ ohun tí ó ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kìíní ni kí a ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kí a máa bá ọmọ náà lọ láti oṣù dé oṣù, láti ọdún dé ọdún, kí a sì máa kọ ohun tí a rí sílẹ̀. Àwọn ará òkèèrè ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán. Ọ̀nà kejì, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wà lára ibi tí ayé ti kọ́ ọ.

Ojú lásán: láti London dé Ìbàdàn

Kí ẹ̀rọ tó dé, ojú ni oníṣègùn fi ń ṣiṣẹ́, àgbàlagbà ọmọ tàbí òkú ọmọ ni ojú sì máa ń bá. Ní 1861, William Little dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn agbẹ̀bí ní London, ó sì ṣàlàyé pé àwọn ọmọ kan tí apá àti ẹsẹ̀ wọn le gbagidi, ìtàn ìbí wọn ni kí a lọ wò: àwọn tí a bí láìtóṣù, àwọn tí ìrọbí wọn le, àwọn tí kò tètè mí. Èrò yìí ṣàjèjì sí ọ̀pọ̀ ènìyàn nígbà náà. Àmọ́ Little kò lè rí inú orí ọmọ tí ó wà láàyè. Ohun tí ó ní ni ìtàn tí ìyá sọ àti ẹsẹ̀ tí ó wà níwájú rẹ̀.

Robert Collis, oníṣègùn ọmọdé ará Ireland, wà lára àwọn tí ó so ìtàn yìí mọ́ ilẹ̀ wa. Ní Dublin, ó ti ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn ọmọ àìpéṣù ní ilé ìgbẹ̀bí Rotunda, ó sì ti ṣaájú nínú dídá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ọpọlọ wọn kò jẹ́ kí ẹ̀yà ara gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Òun ni ó ran Christy Brown lọ́wọ́, ọkùnrin tí ẹsẹ̀ òsì nìkan ń gbọ́ tirẹ̀, tí ìwé rẹ̀ My Left Foot jáde ní 1954. Nígbà tí àwọn ọdún 1950 ń lọ sópin, Collis wá sí Ìbàdàn, ó sì kópa nínú fífi ìdí ẹ̀kọ́ ìṣègùn ọmọdé múlẹ̀ níbẹ̀ àti ní Èkó. Ìwé tí ó kọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ níhìn-ín, A Doctor's Nigeria, jáde ní 1960. Ẹni tí ó wá bá wa nígbà náà mọ ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sì mọ àgbàlagbà tí ọpọlọ rẹ̀ ti ní ìpalára láti kékeré. Àwọn méjèèjì kì í sábà wà lójú ẹni kan ṣoṣo mọ́ lónìí. A ó padà sórí èyí.

Ní Ìbàdàn àti Èkó, ohun tí ó kọ́kọ́ gba àfiyèsí nípa ọpọlọ ọmọ tuntun ni ibà pọ́njú. Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ bá ń fọ́ ju agbára ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lọ, ohun kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè, tí a ń pè ní bilirubin, á gbilẹ̀ lára rẹ̀. Bí ó bá pọ̀ jù, ó lè wọ inú ọpọlọ, kí ó sì ba ibi tí ń darí ìgbọ́ràn àti ìrìn jẹ́. Ọmọ àìpéṣù ni kì í lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ rárá, nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì gbó. Ní 1963, Capps, Gilles, Jolly àti Worlledge tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú The Lancet lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí èròjà G6PD kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, àti bí fítámì K tí wọ́n ń fún wọn lẹ́yìn ìbí ṣe kan ibà pọ́njú wọn. Ní 1980, Olowe àti Olikoye Ransome-Kuti ní Èkó fi ẹ̀rí hàn nípa ewu mẹ́ńtọ́ọ̀lù, èyí tí ó wà nínú oríṣiríṣi ohun tí àwọn ènìyàn ń fi pa ọmọ tuntun lára. Nǹkan bíi kàfúrà tí à ń kó sáàárín aṣọ ọmọ nínú àpótí náà wà nínú ẹjọ́ yìí. Ransome-Kuti yìí kan náà ni ó di mínísítà ètò ìlera láti 1985 títí di 1992.

A mẹ́nu ba èyí nítorí pé àwọn ènìyàn máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ọpọlọ ọmọ tuntun di ọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà nígbà tí ẹ̀rọ ńlá dé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀pọ̀ ìpalára ni a ti mọ orísun rẹ̀ láti inú ẹ̀jẹ̀, láti inú àpótí aṣọ àti láti ẹnu ìyá.

Káàdì tí ó wà lọ́wọ́ ìyá: Iléṣà àti Ìmẹ̀sí-Ilé

Ní 1956, David Morley dé ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Kò pẹ́ tí ó fi rí i pé àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá sí ilé-ìwòsàn, ìgbẹ̀yìn àìsàn ni wọ́n ń gbé wá, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ bí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó yan Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú kan tí kò jìnnà sí Iléṣà, láti 1957 ni òun àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ sì ti ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ ibẹ̀ láti ìgbà ìbí: wọ́n ń wọ̀n wọ́n, wọ́n ń kọ àìsàn wọn sílẹ̀, wọ́n ń padà wá. Láti inú iṣẹ́ yìí ni kíníkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ti jáde, àti káàdì tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Road to Health.

Ẹ jẹ́ kí a dúró lórí káàdì yìí díẹ̀, torí pé ó rọrùn débi pé ènìyàn lè fojú kéré rẹ̀. Ìlà ni wọ́n fà sí i lára. Oṣù ọmọ wà nísàlẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lóṣooṣù ni nọ́ọ̀sì á fi àmì kan síbi tí ìwọ̀n ọmọ dé, á sì so ó mọ́ ti oṣù tí ó kọjá. Nọ́ńbà kan ṣoṣo kò sọ ohun púpọ̀. Bí ìlà náà ṣe ń lọ ni ó ń sọ̀rọ̀: bí ó bá ń gòkè, kò séwu; bí ó bá tẹ́jú, kí a yára wádìí; bí ó bá ń sọ̀ kalẹ̀, nǹkan ti dé. Ìyá tí kò mọ̀wé lè kà á. Ìyá ni wọ́n sì fún pé kí ó máa tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe kíníkì. Àwọn kan bẹ̀rù pé àwọn obìnrin yóò sọ ọ́ nù; Morley rí i pé ọwọ́ ìyá ni káàdì ti ń wà ní ààbò ju inú kọ́bọ́ọ̀dù ilé-ìwòsàn lọ. Ẹni tí ó bá ti wá fáìlì tirẹ̀ tì rí ní ilé-ìwòsàn ìjọba kò ní bá a jiyàn.

Fún ọmọ àìpéṣù, irú ìlà bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì gan-an. Ọmọ tí a bí ní oṣù méje, tí ó pé oṣù mẹ́fà láyé, oṣù mẹ́rin ni kí a fi ọpọlọ rẹ̀ sí. Bí a kò bá mọ ìyẹn, a ó máa pè é ní arọ́jú lórí ohun tí àsìkò rẹ̀ kò tíì tó, bíi jíjókòó. Bí a bá sì mọ̀ ọ́n, tí àsìkò sì kọjá síbẹ̀, a ó tètè mọ̀ pé ó yẹ kí a wá ìrànlọ́wọ́.

Ilẹ̀kùn tó wà lórí ọmọ

Gbogbo ìyá àgbà nílẹ̀ Yorùbá ni ó mọ àwùjẹ̀, ibi rírọ̀ tí ń mí fúkẹ́fúkẹ́ lórí ìkókó. Wọ́n máa ń fi òrí pa á. Bí ó bá jìn wọnú, wọ́n mọ̀ pé omi ti tán lára ọmọ. Bí ó bá wú sókè, ẹ̀rù á bà wọ́n. Ohun tí wọn kò lè mọ̀ ni pé ibẹ̀ yóò di fèrèsé lọ́jọ́ kan.

Ìtàn fèrèsé náà kò bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, Áfíríkà sì ní ipa tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ní 1956, ọdún kan náà tí Morley dé Iléṣà, Allan Cormack, tí a bí ní Johannesburg, ń bá ilé-ìwòsàn Groote Schuur ní Cape Town ṣe iṣẹ́ lórí ìtànṣán. Ibẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí ronú bí a ṣe lè fi ìṣirò kó ìtànṣán tí ó gba ara kọjá láti ìhà púpọ̀ jọ, kí ó di àwòrán inú ara. Ó tẹ ìṣirò náà jáde ní 1963 àti 1964. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó kọbi ara sí i. Godfrey Hounsfield ní England, tí ó ń ṣiṣẹ́ fún EMI, ni ó kọ́ ẹ̀rọ náà. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1971 ni wọ́n fi ya orí aláìsàn àkọ́kọ́ ní ilé-ìwòsàn Atkinson Morley ní London. Ẹ̀rọ CT nìyẹn. Ẹ̀bùn Nobel ti 1979 ni àwọn méjèèjì jọ gbà.

Ní 1978, Lu-Ann Papile àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní New Mexico, Amẹ́ríkà, fi ẹ̀rọ yìí wo orí ọmọ 46 tí ìwọ̀n wọn kò tó gíráàmù 1,500 nígbà tí a bí wọn. Wọn kò ṣà wọ́n ṣà. Bí wọ́n ṣe ń dé ni wọ́n ń wò wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ ti ya sínú ọpọlọ ọmọ 20 nínú wọn. Ọmọ 29 ni ó yè nínú gbogbo wọn. 9 nínú àwọn tí ó yè ní ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ. Nínú àwọn 9 yìí, 7 kò fi àmì kankan hàn tí ojú lè rí. Wọn kò ní gìrì, ara wọn kò sì yí padà lọ́nà tí nọ́ọ̀sì lè fi fura. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó yí iṣẹ́ náà padà. Ojú tí Little gbára lé, ojú tí gbogbo wa gbára lé, kò rí ọmọ méje nínú mẹ́sàn-án. Papile pín ẹ̀jẹ̀ náà sí ìpele mẹ́rin. Ti ìpele kìíní àti ìkejì lọ fúnra rẹ̀. Àwọn tí ó wà ní ìkẹta àti ìkẹrin, omi bẹ̀rẹ̀ sí gbá jọ sínú orí wọn. Ìpele mẹ́rin yìí ni ọ̀pọ̀ oníṣègùn ṣì ń lò dòní.

Ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ya bẹ́ẹ̀ ni pé nínú ọpọlọ ọmọ tí ó ṣì yẹ kí ó wà nínú oyún, àgbègbè kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ihò omi inú ọpọlọ tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ tínrín púpọ̀. Tí oyún bá fi máa tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 34, àgbègbè náà á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọmọ tí ó jáde ṣáájú gbé e wá sáyé. Bí èémí rẹ̀ bá ń dá, bí ìfúnpá rẹ̀ bá ń lọ sókè sódò, iṣan lè bẹ́, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ láyé ni ó sì sábà máa ń ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ọmọ tí kò tó kílò kan ààbọ̀, tí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn wà nímú rẹ̀, kúrò nínú ooru àpótí ínkúbétọ̀ lọ sí yàrá CT? Ibi tí àwùjẹ̀ ti wúlò nìyí. Ní 1979, Karen Pape àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London tẹ̀ ẹ́ jáde nínú The Lancet pé síkáànù, irú èyí tí a fi ń wo oyún, lè ran ìgbì ohùn gba orí ọmọ kọjá, kí ó sì fi inú ọpọlọ hàn. Egungun kò jẹ́ kí ohùn kọjá dáadáa. Àwùjẹ̀ kò ní egungun. Láìpẹ́, orí àwùjẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń gbé e lé. Ẹ̀rọ náà ń wá bá ọmọ lórí ibùsùn rẹ̀, kò ní ìtànṣán, owó rẹ̀ kò sì tó ti CT. Àwọn oníṣègùn ilé-ìwòsàn Aminu Kano ní Kánò tẹ ìwádìí tiwọn jáde ní 2019 lórí irú ẹ̀jẹ̀ yìí nínú àwọn ọmọ àìpéṣù tí wọ́n ń tọ́jú.

MRI ni ó tẹ̀ lé e, ó sì ń fi ohun tí síkáànù kì í rí dáadáa hàn: ìpalára inú apá funfun ọpọlọ, níbi tí àwọn okùn tí ń gbé iṣẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn wà. Ní 2006, Woodward àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya ọpọlọ ọmọ 167 ní New Zealand àti Australia, gbogbo wọn ni a bí ní ọ̀sẹ̀ 30 tàbí ṣáájú, wọ́n sì tún wò wọ́n nígbà tí wọ́n pé ọmọ ọdún méjì. Àwọn tí apá funfun wọn ti bàjẹ́ gan-an ni ìrìn àti òye wọn sábà máa ń fà sẹ́yìn. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ ni a wí, kì í ṣe gbogbo ìgbà. Àwòrán tí ó dára kò gba gbogbo ọmọ lọ́wọ́ ìṣòro, èyí tí kò dára kò sì dá gbogbo ọmọ lẹ́bi. Ní 2015, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọmọdé ní Amẹ́ríkà gba àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wọn nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe sọ MRI di ohun tí gbogbo ọmọ àìpéṣù gbọ́dọ̀ ṣe kí wọ́n tó lọ sílé. Orílẹ̀-èdè tí ẹ̀rọ náà pọ̀ sí lápọ̀jù ni ó sọ èyí. Ó sì yẹ kí a kíyè sí ohun tí Woodward ṣe: bí kò bá sí pé wọ́n wá àwọn ọmọ náà kàn lẹ́yìn ọdún méjì, àwòrán 167 ì bá wà nílẹ̀ láìsí ẹni tí ó mọ ìtumọ̀ wọn.

Àbújá: àwòrán níbí, ọmọ lọ́hùn-ún

Òfin tí ó dá Agbègbè Olú-Ìlú Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ jáde ní 1976. Ìjọba kó wá ní oṣù kejìlá 1991. Ní 1999 ni wọ́n ṣí ilé-ìwòsàn tí a mọ̀ sí National Hospital lónìí, tí wọ́n kọ́kọ́ pète rẹ̀ fún àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé. Gwagwalada sì ní ilé-ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Àbújá. Ìwádìí kan tí Ogbole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2018 ka MRI 84 péré fún àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n yẹ̀ wò, tí iye ènìyàn wọn lé ní 370 mílíọ̀nù. Ìlú bí Àbújá wà lára àwọn tí ó rí nínú rẹ̀ jẹ. Ẹni tí ń gbé Abaji tàbí Kwali yóò ti san owó mọ́tò kí ó tó rí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Àmọ́ ohun tí ó yí ọ̀rọ̀ padà jù ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn kì í ṣe àwòrán. Àwọn ọmọ àìpéṣù ń yè sí i ni. Ní 2020, ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé darí, tí Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, fi hàn pé abẹ́rẹ́ dexamethasone fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ tètè dé ń dín ikú ọmọ kù. Ní 2021, òmíràn tí Ilé-Ifẹ̀ kópa nínú rẹ̀ fi hàn pé bí a bá gbé ọmọ tí ó fúyẹ́ sí àyà ìyá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, láìdúró dìgbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ikú dín ní ìdá mẹ́rin: ìdá 12.0 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó kú, dípò 15.7. Ní 2023, Hippolite Amadi gba ẹ̀bùn Nàìjíríà fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì lórí àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí ń ran èémí ìkókó lọ́wọ́. Àwọn ọmọ tí irú iṣẹ́ wọ̀nyí ń gbà là lọ́wọ́ ikú yóò pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń bọ̀.

Ibẹ̀ ni okùn ti ń já. Ilé-ìwòsàn ní àwòrán, kò sì rí ọmọ mọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára ìkẹyìn. Ilé-ẹ̀kọ́ ní ọmọ, kò sì mọ̀ pé àwòrán wà. Òfin tí ó dáàbò bo àwọn aláàbọ̀ ara, èyí tí Ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2019, fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ilé-ẹ̀kọ́ Olùkọ́ni Àgbà ti Ìjọba Àpapọ̀ fún Ẹ̀kọ́ Àkànṣe ní Ọ̀yọ́ ti ń kọ́ olùkọ́ fún irú wọn láti 1977. Ọmọ tí kò ríran tàbí tí kò gbọ́ràn yóò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọmọ tí a bá ní kíláàsì kejì yìí kò ní débẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò pè é ní aláàbọ̀ ara. Ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Pẹ́ńsù nìkan ni kò gbọ́ tirẹ̀, pẹ́ńsù ni a sì fi ń díwọ̀n ọgbọ́n ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n ti nà án lórí ìwé kíkọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ìbéèrè mẹ́ta ni a ti fi kún fọ́ọ̀mù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń lò láti fi mọ ọmọ kíláàsì wọn. Oṣù tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó ni oyún rẹ̀ wà nígbà tí ẹ bí i? Ǹjẹ́ ilé-ìwòsàn dá a dúró lẹ́yìn ìbí, fún ọjọ́ mélòó? Ìgbà wo ni ó jókòó, ìgbà wo ni ó rìn? Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn baba kan máa ń bínú sí ìbéèrè kìíní, wọ́n rò pé a fẹ́ mọ àṣírí ilé àwọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ti kọ́ láti dúró de ìyá.

Ní ti ọmọkùnrin náà, a fi ìwé ránṣẹ́ sí oníṣègùn tí ń tọ́jú ìṣan àti ìrìn, olùkọ́ rẹ̀ sì ti gbà kí ó máa fi ẹnu dáhùn ìdánwò. Nígbà tí a yọ ìwé àwòrán ọpọlọ rẹ̀ jáde nínú àpò ọ̀rá ìyá rẹ̀, a gbé e sójú fèrèsé kí a lè rí i. Irú ìwé tí ẹ̀rọ síkáànù máa ń tẹ̀ ni, tí ooru máa ń mú kí ó ṣá. Ó ti funfun tán. Igun kan níbi tí wọ́n kọ déètì sí ni ó kù tí ó ṣì dúdú díẹ̀. Káàdì ìwọ̀n rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, ó ti ya ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n sì ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Gbogbo àmì tí àwọn nọ́ọ̀sì fi sí i lára, láti ọ̀sẹ̀ kẹfà títí dé oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún, ni a rí kà.